Adìẹ Yaa Ló Jẹ Èérí

Ní àgbàlá kan ní Dichemso, ní Kumasi, ní ọdún tí ariwo òmìnira ti gba gbogbo ìgboro kan, obìnrin kan wà tí ògì rẹ̀ funfun ju ti gbogbo obìnrin yòókù lọ. Àtinúkẹ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Evelyn ni gbogbo Yorùbá tó wà láti Dichemso títí dé Tafo ń pè é. Bí ìyàwó ilé kan bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn àgbà ń rán an lọ. Wọn a ní kó lọ ra ògì Ìyá Evelyn, nítorí kò ní ìdọ̀tí kankan nínú.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò ní ìdọ̀tí. Kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ohunkóhun mìíràn nínú.

Àgbàdo funfun nìkan ló ń rà. Yóò ṣa èyí tó dúdú lẹ́nu kúrò, yóò rẹ ẹ́ títí òórùn kíkan rẹ̀ yóò fi máa yọ láti abẹ́ ìdérí, lẹ́yìn náà yóò rù ú lọ sídìí ẹ̀rọ níkà-níkà tó wà ní ìkóríta, níbi tí wọ́n ti ń lọ ata àti àgbàdo gbogbo àdúgbò. Asẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn obìnrin yòókù fi ń sẹ́ ògì tiwọn. Ìyá Evelyn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti fi asẹ́ sẹ́ ẹ tán, yóò tún dà á sínú aṣọ funfun kan tó ti gbó títí ó fi fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin, yóò sì máa fi ọwọ́ méjèèjì rọra mì ín lórí abọ́. Ohun tó wúwo nínú àgbàdo, ohun tó ní òróró nínú, kò lè gba ojú aṣọ yẹn kọjá. Èérí ni ó ń pè é. Yóò gbọ̀n ọ́n dànù sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, adìẹ Yaa yóò sì fi eré sísá débẹ̀ kí ó tó palẹ̀ aṣọ mọ́.

Ní kùtùkùtù, nígbà tí ìkùukùu Kumasi bá ṣì jókòó sórí òrùlé páànù, tí èéfín ìdáná sì ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ènìyàn kò ní mọ ibi tí omi ògì parí sí àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun gbogbo a funfun, a sì dákẹ́. Ọwọ́ Ìyá Evelyn a máa mi aṣọ, ọkàn rẹ̀ a sì máa lọ. A máa rí ìyá tó bí i níwájú irú abọ́ kan náà ní Ògbómọ̀ṣọ́. A máa rí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé òun àti ọkọ rẹ̀ olóògbé wá sí ilẹ̀ yìí, erùpẹ̀ pupa tó bò wọ́n títí eyín nìkan fi funfun lára wọn. Bí ó bá ti inú ìran yìí padà, ògì ti sẹ́ tán, oòrùn ti yọ, adìẹ ti jẹun yó. Àwọn àárọ̀ yẹn dùn. Kò sí ẹni tó ń bi í léèrè ohunkóhun nínú wọn.

Yaa tó ni adìẹ jẹ́ opó, ọmọ Asante, yàrá rẹ̀ sì dojú kọ ti Ìyá Evelyn. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Owó yàrá tó rọ̀ ló kó àwọn méjèèjì sí àgbàlá kan. Wọ́n ti bára gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Evelyn fi ń lá àlá ní èdè Twi, tí Yaa náà sì gbọ́ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú ló gbọ́ ju ìkíni lọ. Maame Alata ni ó ń pe Ìyá Evelyn, nítorí Alata ni orúkọ tí àwọn Asante ń pe gbogbo Yorùbá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni Evelyn gbé ọmọ rẹ̀ wá láti Tafo. Adéfọlá ni orúkọ ọmọ náà. Kò tíì máa rìn, ṣùgbọ́n ó ń di ògiri mú, ó ń bú sẹ́rìn-ín bí adìẹ bá sá fún un, ó sì ń bu ènìyàn jẹ. Evelyn ti lóyún mìíràn. Àwọn àgbà ìjọ ti sọ fún òun àti Cornelius ọkọ rẹ̀ pé ọmú aboyún kì í ṣe oúnjẹ ọmọ. Ó ti fi omi ewúro kun orí ọmú, ọmọ náà ti pọ́n ewúro lá, ó sì ń mu ọmú rẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni wọ́n fi ẹnu kò sí i pé kí ìyá àgbà gbà á, kí ọmọ má baà máa rí ìyá rẹ̀ lójú. Àṣà wa ni. Ìyá àgbà ló ń já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Evelyn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ojú. Kumasi ni wọ́n bí i sí, ó sì ti rí bí àwọn ìyá Asante ṣe ń bọ́ ọmọ tiwọn, iṣu tí wọ́n gún, tí wọ́n fi epo pupa pò, tí ẹyin sísè sì jókòó sórí rẹ̀. Ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, ṣé ògì nìkan?"

"Ògì nìkan ni mo fi tọ́ ìwọ náà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Wo ara rẹ. Kí ló ṣe ọ́?"

Kò purọ́. Ó gbàgbé ni. Evelyn mu ọmú fún ọdún mẹ́ta, nítorí kò sí oyún mìíràn tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Ọmú ló tọ́ ọ, ògì kàn bá a rìn ni. Ṣùgbọ́n ọmú kò ní orúkọ ní ọjà, ògì ló ní, ògì náà ló sì gba ìyìn.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìyá Evelyn tẹ́ ọmọ náà sórí itan, ó fi apá kan há ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká àtẹ́lẹwọ́ bí ìkòkò sí ẹnu rẹ̀, ó sì da ẹ̀kọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ náà. Ọmọ tí a bá ń rọ lẹ́kọ báyìí ní láti gbé e mì kí ó tó lè mí. Adéfọlá jà, ó fẹsẹ̀ gbá abọ́, ó fi gbogbo ara kọ̀. Ìyá àgbà kò bínú. Ó ń kọrin fún un, ó ń rọ ọ́. Nígbà tí oṣù kan fi máa pé, kò jà mọ́. Ó ń sùn kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń la ẹnu. Ìyá Evelyn sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọmọ náà ti mọ ìwà hù.

Ọmọ náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ ni.

Kò rù. Ohun tó tan gbogbo wọn jẹ nìyẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ roboto, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún, ara rẹ̀ ń dán. Àwọn obìnrin tó wá ra ògì a máa fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọn a ní ẹ ò rí bí ògì ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ. Wọn a ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í sunkún, kì í da ilé rú. Ó ń jókòó sórí ẹní láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, ó ń wo iwájú bí àgbàlagbà tó ń retí lẹ́tà. Adìẹ ń sáré kọjá lára rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Irun rẹ̀ pupa, ó sì fẹ́lẹ́ bí irungbọ̀n àgbàdo. Wọ́n ní ìyẹn náà dára, wọ́n ní bóyá yóò pọ́n bí òyìnbó.

Yaa kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ fi pa mọ́. Ó ń bọ̀ láti ibi omi lọ́jọ́ kan, ó gbé garawa kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó mú ọwọ́ kúrò, ojú ibi tó tẹ̀ ṣì jìn kòtò, bíi pé orí ògì tó ti dì ló tẹ̀.

"Maame Alata, omi ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ yìí."

"Ọ̀rá ni."

"Ọ̀rá kì í ṣe báyìí. Mo ti sin ọmọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí báyìí. Ọmọ mi ni." Yaa nu ọwọ́ sí aṣọ rẹ̀. "Fún un lẹ́yin. Mo ní in, wá mú."

Ìyá Evelyn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú ni ó ti mọ̀ pé ọmọ tí a bá fi ẹyin tọ́, olè ni yóò yà. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti mọ adùn lọ́mọdé, yóò máa wá a kiri ní ìkòkò onílé. Ó ní kí Yaa fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀, òun kò tọ́ olè fún Cornelius.

"Àwa Asante ti ń jẹ ẹyin látìgbà tí a ti wà láyé," ni Yaa wí. "Ta ni nínú wa ló jí ìkòkò rẹ?"

"Mi ò tíì lọ wò ó."

Yaa rẹ́rìn-ín, ó gbé garawa rẹ̀, ó lọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Evelyn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, kòtò yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó fi aṣọ bò ó. Ohun tí ó kọ́kọ́ rò, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí, kì í ṣe pé ọmọ náà lè kú. Ó rò pé bí ó bá jẹ́ ẹyin ni oògùn rẹ̀, kí ni àwọn ènìyàn yóò wí nípa ògì? Lẹ́yìn èyí ni ó tó ronú kan ikú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jókòó sábẹ́ òjìji ògiri, ọmọ náà wà lórí itan rẹ̀, oorun sì gbé e lọ. Ó rí odò kan. Omi odò náà funfun, kò sì ní ìró. Gbogbo obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti kú dúró létí rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n ń yin odò náà, wọ́n ní irú èyí ò sí rí. Adéfọlá ń rìn lójú omi, ó ń rìn dáadáa, kò di ohunkóhun mú. Inú Ìyá Evelyn dùn. Ó na aṣọ asẹ́ rẹ̀ láti fi gbé e. Ọmọ náà bọ́ sínú aṣọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú rẹ̀ kọjá, bí omi, láìsunkún, ìka kan lẹ́yìn ìka kan, ojú lẹ́yìn ẹnu, títí aṣọ fi fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin náà ní, "Ó mọ́. Ó mọ́ gan-an." Ní òdìkejì odò, adìẹ Yaa ń jẹun, wọ́n tóbi bí àgùntàn.

Nígbà tó lajú, adìẹ kan dúró níwájú rẹ̀, ó ń wò ó. Ọmọ náà pẹ̀lú ń wò ó. Oòrùn ti kúrò lára ògiri.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà kọ ògì. Kò jà, ó kàn jẹ́ kí ó máa ṣàn jáde ní igun ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo àgbàlá ti lọ sí ìsìn, Yaa ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, Ìyá Evelyn nìkan ló wà nílé. Orin àwọn ìjọ ń ti ọ̀nà jíjìn wá, ó ń dé, ó ń pòórá, bí ẹni pé ìkùukùu ló ń kọ ọ́. Ó gbé ọmọ náà pọ̀n. Ó fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Bantama. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rántí pé àwọn nọ́ọ̀sì yóò bi í léèrè ohun tí ọmọ ń jẹ, àti pé obìnrin Yorùbá kan tó mọ̀ ọ́n ń ta bùrẹ́dì lẹ́nu géètì ibẹ̀. Ó padà. Ó lè lọ ra ẹyin ní ìkóríta. Wọn yóò béèrè ta ni yóò jẹ ẹ́. Ó lè dúró de Yaa kí ó sì tọrọ. Obìnrin náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ ní wá mú.

Kò tọrọ. Ó lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí apẹ̀rẹ̀ tí adìẹ ń yé sí wà, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ adìẹ náà. Adìẹ fi ẹnu sọ ọ́ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ yọ. Ẹyin náà gbóná. Obìnrin tó ń bẹ̀rù pé ẹyin yóò sọ ọmọ di olè, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ jalè nítorí ẹyin, ọmọ náà kò tíì fẹnu kàn án. Ó yàn láti jalè ju kí ó jẹ́wọ́ pé òun ṣìnà. Irú àgbà bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàrin wa, a sì ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn ní àràárọ̀.

Ó sè é nínú ìkòkò ògì. Ó fi ìka tẹ pupa rẹ̀, ó kán epo díẹ̀ sí i, kò sì rọ ọmọ náà rárá. Ìka ló fi mú un kan ètè rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Orin ìjọ parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ahọ́n kékeré kan yọ jáde, ó kan ẹyin náà, ó padà sílé, ó tún jáde.

Ó ri èèpo ẹyin mọ́ inú eérú.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é láti ìgbà náà. Bí Yaa bá ti jáde, ọwọ́ Ìyá Evelyn yóò ti wà lábẹ́ adìẹ. Ara ọmọ náà fọn lákọ̀ọ́kọ́. Omi tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jìn, egungun rẹ̀ yọ. Àwọn obìnrin tó ń ra ògì mi orí. Wọ́n ní ọmọ tó sanra tẹ́lẹ̀ ti ń rù, kí Ìyá Evelyn fi kún ògì rẹ̀. Ó dá wọn lóhùn pé òun yóò fi kún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí ó ti ń sẹ́ ògì nínú ìkùukùu, ó gbọ́ igbe kan lẹ́yìn rẹ̀, igbe líle, igbe ìbínú. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn débi pé ó kọ́kọ́ rò pé ti ilé kejì ni. Adéfọlá ló fẹ́ mú adìẹ, adìẹ sì sá. Ìyá Evelyn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì jẹ́ kí ògì ṣẹ́kù sínú aṣọ.

Ìgbà tí Evelyn fi wá wò ó, tòun ti oyún ńlá níwájú, ọmọ náà ti di ògiri mú padà. Ó bu ìyá rẹ̀ jẹ. Evelyn sunkún ayọ̀, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì ròyìn káàkiri Tafo pé ògì Màmá òun ló gbé ọmọ òun dìde. Ìyá Evelyn gba ọpẹ́ náà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ pọ̀ sí i. Kò sí èyí tó sọ ohunkóhun fún nínú wọn. Ó ń wọn ògì funfun fún wọn, wọ́n ń gbé e lọ fún ọmọ wọn.

Yaa bá a lórí ìjókòó lẹ́yìn èyí. Ó ń da àgbàdo fún adìẹ, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀.

"Mo mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní," ni ó wí. "O ri èèpo ẹyin mọ́ inú eérú tí èmi ni mo ń kó. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kó ẹyin kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ mọ́."

Ìyá Evelyn wo eérú tó wà nídìí ààrò.

"Èérí rẹ ni adìẹ mi fi ń yé e, Maame Alata. Ohun tí o gbà lẹ́nu ọmọ ni o wá jí padà." Yaa gbọn ọwọ́ rẹ̀. "N kò bínú nítorí ẹyin. Àwọn tó ń ra ògì rẹ ńkọ́? Àwọn náà ní adìẹ?"

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Rachael wá. Ọ̀dọ́mọdé ìyàwó ni, inú ìjọ Ìyá Evelyn ló wà, ó sì pọn ọmọbìnrin rẹ̀ sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá, ó ní ọmọ náà kò ṣe dáadáa, wọ́n sì ní kí òun wá ra ògì tó wo Adéfọlá sàn. Ìyá Evelyn wọ̀n ọ́n fún un, ó pọ́n ọn sínú ewé. Rachael dìde, ó yí padà láti lọ, ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì sì yọ ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n kún. Wọ́n ń dán.

Yaa ti rí i. Ó ti apẹ̀rẹ̀ mú ẹyin kan, ó gba iwájú Rachael, ó nà án sí i, ó ní kí ó fi bọ́ ọmọ. Rachael fi ẹ̀rín kọ̀ ọ́. "Ẹ ṣé, Maame. A kì í fún ọmọ lẹ́yin nílẹ̀ wa." Ó bojú wẹ̀yìn wo Ìyá Evelyn, kí àgbà bá òun sọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Aṣọ asẹ́ wà lọ́wọ́ Ìyá Evelyn. Omi funfun ń kán láti inú rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bí ẹni pé yóò tún bá àlá rẹ̀ lọ, síbi tí kò ti sí ẹni tó ń béèrè nǹkan.

"Gbà á," ni ó wí.

Kò yé Rachael. "Ẹ ní kí ni, mà?"

"Mo ní kí o gba ẹyin náà. Olè ni mí, Rachael. Ẹyin Yaa ni mo ń jí fún Adéfọlá, òun ló fi wà láàyè. Kì í ṣe ògì. Sè é, kí o fi epo tẹ̀ ẹ́, kí o sì gbé ọmọ yẹn lọ sí Bantama lónìí."

Rachael wo Yaa, ó wo ìyá. Lẹ́yìn náà ó gba ẹyin náà, ó dì í mọ́ etí aṣọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí i, ó sì yára jáde bí ẹni tó jí i. Ó gbàgbé ògì sílẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Dichemso ti gbọ́. Àwọn kan ní Ìyá Evelyn ti ń ṣarán, àwọn kan ní Asante ti gbà á lọ́kàn. Ògì rẹ̀ kan lọ́jọ́ kejì láìsí ẹni tó rà á. Ó dà á fún adìẹ, òun àti omi rẹ̀ àti èérí rẹ̀ pọ̀.

Ó sọ òtítọ́ nígbà tí ó rí ẹsẹ̀ ọmọ kan. Kí á kọ ìyẹn sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ra ògì láti ìgbà tí Adéfọlá ti dìde, àwọn tó wọ̀n ọ́n fún pẹ̀lú ẹ̀rín, tí wọ́n sì gbé e gba ojú ọ̀nà Tafo lọ nínú ìkùukùu, kò lọ wá ẹnì kankan kàn nínú wọn. Ó mọ ilé wọn.